Wákàtí Méjì sí Adágún

Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo gun òkè Rinjani láyé mi. Nígbà àkọ́kọ́, mo sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìfẹ́ ọkùnrin kan lọ́kàn mi. Nígbà kejì, mo sọ̀ kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ọkùnrin mìíràn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín méjèèjì ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀, nítorí bí àwọn ará Sembalun, abúlé wa lẹ́sẹ̀ òkè náà, ṣe ń sọ ọ́, bí ẹni pé ẹnì kan nínú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dalẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó dalẹ̀. Ì bá sàn fún mi ká ní ẹnì kan dalẹ̀, ǹ bá ti rí ẹni tí màá bínú sí.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin mẹ́jọ ti ìlú ńlá Surabaya wá, wọ́n fẹ́ gun òkè, kí wọ́n sùn nínú àgọ́ lórí rẹ̀ fún òru méjì. Ìyá ọ̀kan nínú wọn ti búra pé ọmọ òun kò ní lọ àfi bí obìnrin bá wà lára àwọn tí yóò sìn wọ́n. Obìnrin kì í ru ẹrù lórí òkè wa. Ni àbúrò ìyá mi, tó máa ń ṣètò ìrìn àwọn àlejò, bá wá bẹ baba mi pé kí n lọ dáná fún wọn. Ó pẹ́ kí baba mi tó gbà. Àbúrò rẹ̀ kan ti ru ẹrù gun òkè náà rí, ẹrù nìkan ni wọ́n gbé padà wálé.

Àwọn alááàrù mẹ́fà ló bá wa lọ, Mahsun sì wà lára wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ bàtà tí owó rẹ̀ tó ra ọmọ màlúù. Sílípáàsì rọ́bà ni Mahsun wọ̀ ní tiẹ̀, ó gbé ọ̀pá ọparun lé èjìká, apẹ̀rẹ̀ ẹrù ń mì lẹ́nu ọ̀pá níwájú àti lẹ́yìn, òun ló sì ń ṣíwájú gbogbo wọn. Níbi tí a ti kọ́kọ́ sinmi, mo gbé ìrẹsì kaná. Atẹ́gùn fẹ́ iná náà, ìrẹsì sì bẹ̀rẹ̀ sí í jóná.

"Arábìnrin," ni Mahsun wí, "ìrẹsì yẹn ń ké o."

"Kí ló ń sọ?"

"Ó ní ẹni tó ń se òun ń wo ibòmíràn."

"Sọ fún un pé ẹni tó ń ru ẹrù kì í dá sí ọ̀rọ̀ ìkòkò."

Àwọn tó kù bú sẹ́rìn-ín. "Mahsun, ó ti fún ẹ jẹ! Gbé e mì!" Òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èyí tó jóná nísàlẹ̀ ìkòkò ló ní kí n bu fún òun, ó sì jẹ ẹ́ tán.

Ní ọjọ́ kejì, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ya fọ́tò lọ́rùn òkè, ó pè mí sí etí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Adágún náà wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ó dúdú bí aró, òkè kékeré kan sì ń rú èéfín láàárín rẹ̀.

"O ti dé ibẹ̀ rí?"

"Níbo ni mo ti fẹ́ dé ibẹ̀? Aáyù ni mò ń gbìn."

"Lọ́jọ́ kan, màá mú ẹ débẹ̀."

"Ta ló sọ fún ẹ pé màá tẹ̀lé ẹ?"

"Mi ò ní o máa tẹ̀lé mi. Mo ní màá mú ẹ."

Ojú tì mí, mo sì yà kúrò níbẹ̀. Lọ́dọ̀ àwa ẹ̀yà Sasak, ọmọkùnrin kì í tọrọ ìyàwó lọ́wọ́ baba ọmọbìnrin. Jíjí ló ń jí i. Bí ọmọbìnrin bá ti gbà nínú ara rẹ̀, ọmọkùnrin á mú un kúrò nílé, pẹ̀lú obìnrin kan láti ìdílé ọkọ tí yóò wà pẹ̀lú wọn kí orúkọ ọmọbìnrin náà má bàa bàjẹ́. Kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, wọ́n á ránṣẹ́ sí baálẹ̀ láti sọ orúkọ ẹni tó jí i. Ìgbà náà ni baba tó lè bẹ̀rẹ̀ ìjà rẹ̀, kí wọ́n sì máa bẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, nígbà tí ọmọkùnrin bá wí fún ọmọbìnrin pé òun yóò mú un, kì í ṣe ìrìn afẹ́ ló ń sọ.

Lẹ́yìn èyí, gbogbo alẹ́ Sátidé ni Mahsun ń wá jókòó sí àtíbàbà iwájú ilé wa, bí àṣà. Jumadil, ọmọ ẹ̀gbọ́n baba rẹ̀, ló máa ń sìn ín wá. Mahsun kò ní baba, kò ní ìyá. Ìyá Jumadil, tí a ń pè ní Inaq Jumadil, ló fún un lọ́mú, ló sì tọ́ ọ dàgbà. Mahsun á máa dápàárá, Jumadil á jókòó sí igun, á máa mu kọfí rẹ̀, kò ní sọ̀rọ̀ mẹ́ta títí wọn á fi lọ. Baba mi á máa wúkọ́ nínú ilé. Bí ikọ́ náà bá ti di mẹ́rin, àlejò mọ̀ pé ilé ti tó lọ.

"Alááàrù," ni baba mi máa ń sọ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lọ. "Òkè yẹn ti jẹ ẹnì kan nínú ilé yìí. Kò ní jẹ àna mi."

Bí Mahsun bá ti ṣe bí gbogbo ọmọkùnrin ṣe ń ṣe ni, baba mi ì bá bínú fún oṣù kan, kó sì gbà. Ṣùgbọ́n Mahsun ti bá àwọn ará ìlú ńlá rìn jù. Ó ti gbọ́ lẹ́nu wọn pé ọmọlúàbí ọkùnrin a máa lọ bá baba ọmọ, a sì bẹ̀ ẹ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó wọ ẹ̀wù funfun, ó gbé ṣúgà àti kọfí tí ó dì sínú bébà dání, ó wá kúnlẹ̀ níwájú baba mi.

"Amaq Rahini," ló wí, ìyẹn Baba Rahini, èmi ni Rahini, "mo wá tọrọ ọmọ yín ni."

Èmi àti ìyá mi wà lẹ́yìn ògiri. Ìyá mi fi ọwọ́ bo ẹnu.

Baba mi nawọ́ sí àgbàlá. Lẹ́yìn náà ló ní, "Mahsun, adìẹ mélòó lo rí ní àgbàlá mi?"

"Méje, Amaq."

"Bí ó bá wù ẹ́, tọrọ ọ̀kan. Màá fún ẹ. Ẹni tó fẹ́ adìẹ ló ń wá tọrọ. Ọmọ mi kì í ṣe adìẹ."

Ó fi ẹsẹ̀ ti ṣúgà náà padà sí i. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, gbogbo Sembalun ti gbọ́. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin á rí Mahsun lójú ọ̀nà, wọ́n á máa kọ bí àkùkọ. Baba mi ní bí ó bá tún tẹ àtíbàbà òun, òun ó da omi gbígbóná sí i lára.

Mo bínú sí Mahsun ju baba mi lọ. Mò ń bi ara mi pé, ṣé àyà rẹ̀ kò gbà á láti jí mi ni? Àbí n kò tó ẹni tí ènìyàn ń fi ara wewu fún? Oṣù mẹ́rin kọjá tí a kò rí ara wa. Jumadil ló ń mú ọ̀rọ̀ wá, nítorí oko aáyù rẹ̀ àti tiwa jọ pààlà.

"Ó ní kí n kí ẹ."

"Ẹ ní mi ò sí."

"Rahini, o wà níwájú mi."

"Ẹ ní mo wà, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ ìkíni adìẹ."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó tún tẹ̀ mọ́ aáyù rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún dé: "Ó ní ọ̀wọ̀ ni òun fẹ́ bù fún ẹ. Ó ní gbogbo ohun tó kù láyé òun ni òun lè jí, òun kò fẹ́ kí ìwọ jẹ́ ohun tí òun jí."

Mo yíjú padà kí ó má bàa rí mi tí mò ń sunkún.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn tún dé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn tún fẹ́ obìnrin tí yóò dáná. Baba mi ka orúkọ àwọn alááàrù lọ́kọ̀ọ̀kan. Mahsun kò sí níbẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ ní apá Senaru, lódìkejì òkè. Baba mi ní kí n máa lọ. Kò bìkítà nípa Jumadil tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀.

Jumadil sọ ètò náà fún mi lóko. Ní àárọ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá lọ sí ṣóńṣó òkè, èmi àti òun á sọ̀ kalẹ̀ lọ sí adágún. Mahsun yóò gba Senaru wá, òun àti Inaq Jumadil, kí obìnrin lè wà níbẹ̀. Wọ́n á gbà mí lọ́wọ́ Jumadil, wọ́n á sì mú mi gba apá kejì lọ.

"Ìyá yín á lè gùn ún?"

"Ìyá mi? Ó ní bí òun bá rá gan-an, òun ó débẹ̀. Ó ní ọmọ tí òun fún lọ́mú kò ní di ẹni tí àkùkọ ń kọ sí títí láé."

"Ẹ̀yin ńkọ́? Baba mi kò ní dárí jì yín."

Ó gbọn erùpẹ̀ kúrò lọ́wọ́. "Baba rẹ kò rí mi rí. Kò sí bó ṣe lè bínú sí ẹni tí kò rí."

N kò ronú lórí ọ̀rọ̀ yẹn nígbà náà. Mo ti ronú lórí rẹ̀ gan-an láti ìgbà yẹn wá.

Àárọ̀ ọjọ́ náà mọ́ dáadáa. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti lọ, a sì bọ́ sójú ọ̀nà. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí òjò tí kò yẹ kó rọ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn fi dé. A sá sábẹ́ àpáta, a sì wà níbẹ̀ títí di ọ̀sán. Nígbà tí ó dá, ìkùukùu bo gbogbo ibẹ̀, òkúta ń yọ̀ bí ẹja. Mò ń lọ níwájú, ẹsẹ̀ mi yọ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìdí wọ́ lọ sí etí ọ̀gbun. Jumadil fò síwájú mi, ó fi ara rẹ̀ dí mi. Èmi dúró. Òun ló ṣubú lọ sísàlẹ̀, ó sì gúnlẹ̀ sórí àpáta kan. Mo gbọ́ nígbà tí egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ dá.

Mo wọ́ ara mi lọ bá a. Ojú rẹ̀ ti funfun.

"Wákàtí méjì ló kù," ló wí. "Ọ̀nà kan ṣoṣo ni, kò yà síbì kankan. Máa lọ."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Mahsun á wá gbé mi."

"Kí n tó débẹ̀, kí ó tó gùn wá síbí, ilẹ̀ á ti ṣú. Ẹ ti tutù yìí ná. Aṣọ yín ti rin."

"Rahini, gbọ́. Bí ilẹ̀ bá ṣú bá ìwọ àti èmi níbí, láìsí obìnrin kankan lọ́dọ̀ wa, ṣé o mọ ohun tí wọ́n máa pè ẹ́ lọ́la?"

"Mo mọ̀."

"Nígbà náà, lọ! Kí lò ń wò?"

Mo lọ. Mo rìn ogójì ìṣísẹ̀. N kò gbọ́ kó ké, n kò gbọ́ kó kérora, mo sì ń sọ fún ara mi pé bóyá kò dùn ún tó bí mo ṣe rò. Ni mo bá wẹ̀yìn. Ó ti ki etí aṣọ rẹ̀ bọ ẹnu, ó ń gé e jẹ, kí n má bàa gbọ́ ohùn rẹ̀ kí n sì padà.

Mo padà.

Òru yẹn, kò sí ohun tí mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀ ju pé kúbùsù kan ṣoṣo ni a ní, òtútù sì pọ̀. Mò ń bá a sọ̀rọ̀ kó má bàa sùn. Mo sọ gbogbo ìtàn tí mo mọ̀ fún un, nígbà tí wọ́n tán, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àwọn adìẹ wa. Ó wà láàyè títí ilẹ̀ fi mọ́.

Àwọn alááàrù ẹgbẹ́ wa ló kọ́kọ́ rí wa, lábẹ́ kúbùsù kan náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń sunkún pé a kò kú, wọ́n ń dì mọ́ mi. Àwọn alááàrù kò sunkún. Wọ́n ń wo ilẹ̀. Àgbà inú wọn ló sọ̀rọ̀: "Jumadil, o ti gbéyàwó." Kò sọ ọ́ bí ẹ̀fẹ̀.

Mahsun dé láti ìsàlẹ̀ lẹ́yìn wákàtí kan, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Kò lè fi Inaq Jumadil tó ti dàgbà sílẹ̀ nínú ìkùukùu lóru, nítorí náà ó ti dúró de ojúmọ́, ìyá náà sì ń rá bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ Jumadil, ó wo kúbùsù, ó wò mí. Ó kúnlẹ̀, ó gbé Jumadil pọ̀n, bí ìyá ṣe ń pọn ọmọ, ó sì gbé e gun òkè padà, ó gbé e sọ̀ kalẹ̀ dé abúlé. Ọjọ́ méjì ló gbà á. Ẹ̀yìn wọn ni mò ń tọ̀. Ẹ̀yìn ẹni tí mo fẹ́ràn ni mò ń wò, ojú ẹni tí mo gbà là ló sì ń wò mí láti orí èjìká rẹ̀.

N kò lè lọ sílé mọ́. Ọmọbìnrin tó bá ti sun ìta pẹ̀lú ọkùnrin kì í padà sábẹ́ òrùlé baba rẹ̀. Ilé Inaq Jumadil ni wọ́n fi mí sí. Láti ọjọ́ tí mo wọ ibẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta ló wà fún wọn láti ránṣẹ́ sí baálẹ̀, kí wọ́n sọ orúkọ ẹni tó jí mi. Mò ń retí orúkọ Mahsun. Mo sọ fún ara mi pé ó mọ òtítọ́, Inaq Jumadil mọ òtítọ́, Jumadil ti búra lórí àkéte rẹ̀ pé òun kò fọwọ́ kàn mí. Kí ló tún kù?

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, mò ń bó aáyù nínú ilé, mo gbọ́ tí ẹnì kan jókòó sí ìta, lẹ́yìn ògiri ọparun. Mo mọ̀ ọ́n nípa mímí rẹ̀.

"Rahini."

"Mahsun. O ti ránṣẹ́?"

Ó ní, "Wákàtí méjì péré ló kù."

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dá."

"Mo mọ̀."

"Ṣé kí n fi í sílẹ̀ ni? Sọ fún mi. Ṣé ohun tí ò bá fẹ́ nìyẹn?"

"Rárá. Ká ní o fi í sílẹ̀, kó sì kú, kò sí bí mo ṣe lè fi ẹ́ ṣe aya. O kò fi í sílẹ̀. Kò sí bí mo ṣe lè fi ẹ́ ṣe aya bákan náà."

"Kí ló dé? O kò gbà mí gbọ́ ni?"

"Mo gbà ẹ́ gbọ́. Baálẹ̀ ńkọ́? Bí mo bá dárúkọ ara mi, ohun tí abúlé máa sọ ni pé Jumadil ba ìyàwó àbúrò rẹ̀ jẹ́ lójú ọ̀nà. Wọ́n á lé e. Pẹ̀lú ẹsẹ̀ yẹn, Rahini. Wọ́n á lé ìyá mi pẹ̀lú rẹ̀. Ọmú tí mo mu nìyẹn."

"Èmi ńkọ́?"

Mo gbọ́ tó ń fẹsẹ̀ wa ilẹ̀.

"Mahsun, mo ní èmi ńkọ́?"

"Ó máa ṣìkẹ́ ẹ," ló wí. "Ó ti nífẹ̀ẹ́ ẹ ṣáájú mi. Alẹ́ àná ló tó jẹ́wọ́ fún mi. Ó ní kí n má dá a lóhùn, ó ní kí n lọ dárúkọ ara mi, kí wọ́n máa lé òun lọ. Òun gan-an ló sọ bẹ́ẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ jí nǹkan lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀?"

Mo ju abọ́ aáyù lu ògiri. Mo gbọ́ tó dìde, mo gbọ́ tó dúró, mo sì gbọ́ tó lọ. Mo bẹ Ọlọ́run gbogbo òru pé kó yí ọkàn rẹ̀ padà. Mo sì ń bẹ̀rù pé kó yí i padà, nítorí ní yàrá kejì, mò ń gbọ́ Jumadil tí ìrora kò jẹ́ kó sùn.

Ní ọjọ́ kẹta, baálẹ̀ dé. Ẹni tó lọ jíṣẹ́ fún un ló mú un wá. Mahsun ni. Ó wọ ẹ̀wù funfun.

Baálẹ̀ jókòó sórí ẹní, ó ní kí n jókòó síwájú òun. "Rahini, ọmọ yìí wá sọ fún mi pé Jumadil ló mú ẹ. Baba rẹ ní kí n bi ẹ́ fúnra rẹ. Ṣé wọ́n fipá mú ẹ ni?"

"Rárá o, Baálẹ̀."

"Ta lo tẹ̀lé?"

Mo wo Mahsun. Ẹní ló ń wò. Inaq Jumadil dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di ẹ̀gbẹ́ aṣọ rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Kò bẹ̀ mí. Ká ní ó bẹ̀ mí ni, bóyá ǹ bá lè kọ̀. Lẹ́yìn aṣọ ìkélé, Jumadil ké jáde pé, "Rahini, sọ òtítọ́! Má wo ti èmi!"

"Mò ń gbọ́," ni baálẹ̀ wí. "Ta ni?"

"Jumadil," ni mo wí.

"Tún un sọ, kí ẹlẹ́rìí gbọ́."

"Jumadil ni mo tẹ̀lé."

Baálẹ̀ yíjú sí Mahsun. "Ẹlẹ́rìí, o gbọ́?"

"Mo gbọ́," ni Mahsun wí.

Kí wọ́n tó ṣe ìdáná wa, ó ti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Malaysia, wọ́n ní oko ọ̀pẹ ló wà. Ó máa ń fi owó ránṣẹ́ sí Inaq Jumadil. Kò fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.

Ọdún mẹ́rìndínlógún rèé. Jumadil ń tiro, kò gun òkè mọ́. Oko aáyù là ń ṣe. Ọmọ mẹ́ta ni a bí. Kò gbé ọwọ́ sókè sí mi rí, kò ké mọ́ mi rí, bí mo bá ń ṣàìsàn, òun ló ń se ọbẹ̀. Baba mi fẹ́ràn rẹ̀ títí ó fi kú. Ènìyàn rere ni Jumadil. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀ ni, ara ì bá tù mí.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló bi mí. Lọ́dún tó kọjá ni, a jókòó lóko, à ń so aáyù ní ìdì-ìdì, àwọn àlejò kan sì ń kọjá lọ sí òkè pẹ̀lú àpò ńlá lẹ́yìn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ó wò wọ́n títí wọ́n fi bọ́ sí kọ̀rọ̀.

"Rahini, ṣé o kábàámọ̀?"

"Pé ẹ wà láàyè? Rárá. N kò kábàámọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan."

"Kì í ṣe ohun tí mo bi ẹ́ nìyẹn."

"Mo mọ̀," ni mo wí, mo sì na okùn sí i kó bá mi di ìdì tó wà lọ́wọ́ mi.